Android Ni Tàbí iPhone? Ẹ Fi Èdè Yorùbá Dán An Wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ìkómọ nìkan. Ó kan ohunkóhun tí ènìyàn bá fẹ́ mú wọ ilé rẹ̀, pàápàá jùlọ ohun tí yóò máa bá a gbé tọ̀sán-tòru. Ní òde òní, kò sí ohun tí ó ń bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa gbé tó fóònù. Òun ni a fi ń jí, òun ni a fi ń sùn. Síbẹ̀, bí a bá bi ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní Ìsàlẹ̀ Èkó léèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ irú fóònù kan ju òmíràn lọ, ìdáhùn tí a ó gbọ́ ni pé òun ni ó wà lóde, òun ni àwọn gbajúmọ̀ ń lò. Ìdáhùn yìí kò tó. Ẹni tí yóò ná owó òbí rẹ̀, tàbí owó tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ, yẹ kí ó ní ìdí tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Agbo méjì ni ọ̀rọ̀ yìí dá sílẹ̀ láàrin wa. Agbo kìíní ni ti àwọn tí ń lo iPhone, èyí tí ilé iṣẹ́ Apple ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe. Agbo kejì ni ti àwọn tí ń lo Android, èyí tí Google ń bójú tó, tí Samsung, Tecno, Infinix, itel àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń lò lára fóònù tiwọn. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kì í ṣe ara fóònù nìkan. Ètò tí ń darí fóònù láti inú wá ni. Bí a bá fi fóònù wé ilé, ètò yìí ni baálé: òun ni ó ń pàṣẹ ẹni tí yóò wọlé, ẹni tí yóò jáde, yàrá tí àlejò lè dé àti èyí tí kò gbọdọ̀ dé. Ẹni tí ó bá ra fóònù ti gbà láti gbé lábẹ́ baálé náà, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó láti mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ń dá ni mọ̀ àti ohun tí ń ṣiṣẹ́ fún ni. Ní ọjọ́ Ẹ̀yọ̀, aṣọ funfun ni gbogbo wọn dà bora. Akẹtẹ̀ orí ni a fi ń mọ èyí tí ó jáde: akẹtẹ̀ dúdú ni ti Adímú, pupa ni ti Lábá. Akẹtẹ̀ ń sọ ìdílé tí Ẹ̀yọ̀ ti jáde wá, kò sì sí ẹni tí ó rò pé àwọ̀ akẹtẹ̀ ni yóò mú ẹsẹ̀ ẹnìkan yá ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwòrán èso tí ẹnìkan ti gé jẹ tí ó wà lẹ́yìn iPhone kò ju akẹtẹ̀ lọ. Ó ń sọ ìdílé fóònù. Kò sọ bóyá ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ mọ̀wé, bóyá ó níwà, tàbí bóyá fóònù náà yóò bá a ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé rí. Ní ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, nígbà tí Econet àti MTN gba ojú ọjà. Nígbà náà, Nokia ni ọba. Ẹni tí kò ní Nokia ni àwọn ojúgbà rẹ̀ ń wò tìyanu-tìyanu. Lẹ́yìn èyí ni BlackBerry ti ilẹ̀ Kánádà dé, ó sì gba ìlú Èkó kan. Àwọn ọ̀dọ́ kì í béèrè nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ ara wọn mọ́. PIN ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí kò ní PIN kò sí nínú ẹgbẹ́. Oṣooṣù ni wọ́n ń san owó àkànṣe kí BlackBerry wọn má bàa dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gbilẹ̀ débi pé ní ọdún 2011, àwọn òṣèré wa gbé fíìmù kan jáde tí wọ́n pè ní Blackberry Babes, tí ó ń fi àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí fóònù yìí ti gbà lọ́kàn ṣe yẹ̀yẹ́.

Níbo ni àwọn ọba méjèèjì wà lónìí? Ní oṣù kejì ọdún 2011, Nokia fi ètò Symbian tirẹ̀ sílẹ̀, ó bá Microsoft dòwò pọ̀. Ní ọdún 2014, ó ta ẹ̀ka tí ń ṣe fóònù fún Microsoft pátápátá. Microsoft pàápàá kò lè gbé e dúró. Nígbà tí ọdún 2020 fi bẹ̀rẹ̀, ó ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún ètò fóònù Windows dúró. Ní ti BlackBerry, WhatsApp kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2017. BBM tí a fi ń ṣe fáàrí kógbá sílé ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2019. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2022, ilé iṣẹ́ náà pa ẹ̀rọ tí ń gbé àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́ ró. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìdánilójú mọ́ pé wọn yóò lè pe ènìyàn tàbí kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹni tí ó jẹ gbèsè nítorí PIN ní ọdún 2011 ti gbàgbé PIN náà. Bóyá ni ó gbàgbé gbèsè ọ̀hún.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé oyè tí fóònù ń jẹ ni ènìyàn kì í jogún. Ọdún díẹ̀ ni, yóò kọjá. Ohun tí ó ń ṣẹ́kù ni iṣẹ́ tí a fi fóònù náà ṣe nígbà tí ó wà lọ́wọ́ wa: ìwé tí a kà, ohun tí a kọ, ọjà tí a tà, ìmọ̀ tí a ní. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ̀nà kì í ṣe èwo ni ó gbayì. Iṣẹ́ kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Èló ni mo ní? Ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́? Ọdún mélòó ni yóò lò lọ́wọ́ mi? Ìbéèrè karùn-ún wà, èyí tí a kì í sábà gbọ́ ní ọjà, òun ni mo kà sí pàtàkì jùlọ fún àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá tàbí tí a ń kọ́ ni: ṣé ó lè kọ èdè mi bí ó ti tọ́?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Google ra ilé iṣẹ́ Android ní ọdún 2005, ó sì jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn lè mú ìpìlẹ̀ ètò náà lò lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí èyí ni Android fi wà lára fóònù olówó pọ́ọ́kú àti lára fóònù olówó gọbọi. Apple ní tirẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni mìíràn ní ètò rẹ̀ láti ìgbà tí iPhone àkọ́kọ́ ti jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2007. Òun nìkan ni ó ń ṣe é, òun ni ó sì ń dá iye owó rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó ni Tecno, itel àti Infinix, mọ àìní wa dáadáa. Wọ́n rí i pé síìmù méjì ni àwa ń lò nítorí pé bí ilé iṣẹ́ kan kò bá fẹ́ lọ, a ó yí sí èkejì. Wọ́n rí i pé iná kì í dúró, wọ́n sì fi bátìrì tí ó lè pẹ́ sí i. Wọ́n tún kámẹ́rà wọn ṣe kí ó lè ya ojú ènìyàn dúdú kedere. Kì í ṣe ojú àánú ni wọ́n fi wò wá o, ọjà ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ronú nípa oníbàárà rẹ̀ kí ó tó ṣe ọjà yẹ ní ẹni tí a ń yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ bu iPhone kù. Adájọ́ tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Ọ̀nà kan gbòógì wà tí iPhone fi ta ọ̀pọ̀ Android yọ: ó máa ń pẹ́ kí Apple tó kọ fóònù rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀. iPhone 6s tí ó jáde ní ọdún 2015 ṣì gba ètò tuntun ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ fóònù Android olówó pọ́ọ́kú kì í rí ju ìsọdọ̀tun kan tàbí méjì lọ kí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n tó gbàgbé wọn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí pé inú ìsọdọ̀tun ni wọ́n ti ń dí ihò tí àwọn gbájú-ẹ̀ ń gbà wọlé sí àpò owó wa ní báńkì. Inú mi dùn pé àwọn kan láàrin àwọn Android ti ń jí sí ọ̀rọ̀ yìí. Google ṣe ìlérí ìsọdọ̀tun ọdún méje fún Pixel 8 ní ọdún 2023, Samsung sì ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n fóònù olówó ńlá ni àwọn wọ̀nyí. Ẹni tí yóò ra èyí tí kò wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ olùtajà ọdún tí fóònù náà jáde àti iye ọdún tí wọn yóò fi máa bójú tó o.

Àmọ́ iPhone tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń rà kì í ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni. Níbí ni ìyàtọ̀ ti dé láàrin ohun tí à ń sọ nípa iPhone àti ohun tí à ń mú relé. Èkíní, láti ọdún 2013 ni Apple ti fi títì kan sí i, tí ẹni tí ó bá jí iPhone kò fi ní lè lò ó bí kò bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tí ó ni ín. Ohun tí ó dára ni èyí fún ẹni tí wọ́n jí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú bíńtín ra tòkunbọ̀ tí ó ní títì yìí ti ra òkúta. Àwọn Android náà ti ní irú títì bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2015. Èkejì, láti orí iPhone 14 ti ọdún 2022, èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kò ní ihò tí a ń ki síìmù bọ̀ mọ́; síìmù inú ẹ̀rọ ni ó ń lò. Ẹni tí kò mọ èyí yóò kàn máa wá ihò kiri ara fóònù. Ẹ̀kẹta, ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, WhatsApp dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí iPhone tí ètò rẹ̀ kò tó 15.1. iPhone 6 wà lára àwọn tí kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Nítorí náà, ọmọ tí ó fi iPhone 6 ṣe fáàrí lójú ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ àṣetiléwá tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, nígbà tí ẹni tí ó ní Android olówó pọ́ọ́kú ti gbà á, tí ó sì ti ṣe é tán. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n èyí tiẹ̀ burú jù, nítorí pé àkísà àgbà ni ọmọ lọ rà, tí ó pè é ní aṣọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí bàtà ti ń ta àwa olólùfẹ́ èdè Yorùbá lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan ni ó ti kọ́ àwọn ọmọ nípa ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti oko. Ẹnìkan ni ọkọ ìyàwó, èkejì ni a fi ń ro ilẹ̀, ẹ̀kẹta ni ó ń gbé èrò láti Ọbaléndé, ẹ̀kẹrin ni a fi ń jagun, ẹ̀karùn-ún ni àgbẹ̀ ń lọ. Ní kíláàsì, àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní kété tí wọ́n bá gbé fóònù, oko ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Kò sí ìlà ìsàlẹ̀, kò sí àmì ohùn. Ohun tí olùkọ́ fi wákàtí kan kọ́ ni fóònù fi ìṣẹ́jú kan pa rẹ́. Bí ìdánwò WAEC bá wá dé, a ó máa bínú sí ọmọ pé kò mọ àmì ohùn í fi sí ọ̀rọ̀. Níbo ni ó ti fẹ́ mọ̀ ọ́n, nígbà tí ó jẹ́ pé fóònù ni ó ti ń kọ̀wé jù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀?

Ìṣòro yìí jinlẹ̀ ju ọ̀lẹ lọ. Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ lásán. Ẹyọ kan máa ń gba àmì 160, bí ó bá jẹ́ pé àwọn lẹ́tà tí àwọn tí ó dá GSM sílẹ̀ kà mọ́ tiwọn nìkan ni a lò. Nínú àkójọ wọn, à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù kan ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn wọ̀nyí bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ wa, àyè tí ó wà nínú rẹ̀ yóò já wálẹ̀ láti 160 sí 70. Ẹni tí ó kọ Yorùbá bí ó ti yẹ yóò san owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta níbi tí ẹni tí ó kọ ọ́ ní jákujàku ti san owó ẹyọ kan. Yálà iPhone ni o, yálà Android ni, òfin kan náà ni. Ẹ kò rí i pé kì í ṣe gbogbo àṣìṣe èdè ni ó ti ọwọ́ ẹni tí ń kọ ọ́ wá?

Lórí WhatsApp àti ìkànnì ayélujára, àyè gbà wá díẹ̀ sí i. Láti ọdún 1991 ni Unicode, ìyẹn ètò tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà, ti ń dàgbà. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀: lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ wà, àmì ohùn yóò sì gun orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà kejì. Bí irú lẹ́tà tí fóònù ń lò kò bá dára, àmì náà yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó di àpótí kékeré kan tí kò nítumọ̀. Ìdí rèé tí ìwé kan náà fi lè dán lójú fóònù kan, tí yóò sì rí wúruwùru lójú òmíràn.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo fún Android ní ipò kìíní. Gboard, àtẹ ìtẹ̀wé tí Google ṣe, ti ní ju 500 èdè àti ẹ̀ka-èdè lọ lórí Android nígbà tí ó fi di oṣù kejìlá ọdún 2018, Yorùbá sì wà lára wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ni ó ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá, tí ẹni tí ó ni ín kò sì mọ̀. Ẹ wọ inú ètò fóònù yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ èdè sí, kí ẹ sì mú Yorùbá. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Apple náà ti ń gba àtẹ ìtẹ̀wé àwọn ẹlòmíràn láàyè lórí iPhone láti ọdún 2014, nítorí náà ẹni tí ó ní iPhone kò ní àwáwí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ìmọ̀ràn mi rèé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ ra fóònù, ìbáà jẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, ìbáà jẹ́ ní Ìkẹjà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba fóònù náà lọ́wọ́ olùtajà, kí ẹ sì gbìyànjú láti tẹ gbólóhùn yìí: Ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀ ọkọ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láìsí wàhálà, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì dúró sí ibi tí ó yẹ kí ó dúró, fóònù yẹn lè bá yín gbélé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí tí kò bọ́ sí i, ẹ béèrè bóyá ẹ lè fi àtẹ ìtẹ̀wé mìíràn sí i. Bí olùtajà bá ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ń ra bàtà ń fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ wò. Kí ló dé tí ẹni tí ń ra fóònù kò fi ní fi èdè rẹ̀ dán an wò?

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jókòó ṣe alága ìpàdé kan ní ìlú Èkó yìí, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ CMS ti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ọdún kẹsàn-án sí i, ní 1884, odindi Bíbélì Yorùbá ti wà. Ní ọdún 1966, ìgbìmọ̀ mìíràn tún jókòó lórí àkọtọ́. Ní ọdún 1974, ìjọba fi ọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ni títí di òní. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Àwọn baba wa kò dúró de ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí ó wá sọ fún wọn iye lẹ́tà tí Yorùbá yóò ní. Àwọn ni wọ́n pinnu, ẹ̀rọ sì tẹ̀lé wọn. Lónìí, Apple àti Google ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà ni ó ń pinnu lẹ́tà tí yóò wà lójú fóònù, àwa sì ń gé lẹ́tà tiwa kúrò kí ó lè bá fóònù wọn mu. Orí ni a ń ṣe fìlà fún. A kì í gé orí kí fìlà lè bá a mu.

Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ronú sí. Kì í ṣe pé kí a lo fóònù nìkan ni. A lè ṣe nǹkan sínú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó bá fẹ́ kó àlọ́ ìyá àgbà rẹ̀ jọ sínú áàpù kan, kí àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù lè máa gbọ́ ọ, ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Google ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gbé áàpù sórí ìsọ̀ rẹ̀. Apple ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún, àti pé kọ̀ǹpútà Mac tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe ni wọ́n fi ń kọ irú áàpù bẹ́ẹ̀. Fún ọmọ tí òbí rẹ̀ ń tajà ní Balógun tàbí ní Jánkárà, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹnu ọ̀nà kan ṣí díẹ̀, èkejì ní asọ́bodè.

Síbẹ̀, kí a má tan ara wa. Android kì í ṣe ti wa, bẹ́ẹ̀ ni iPhone kì í ṣe ti wa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de Huawei ti ilẹ̀ Ṣáínà. Kí ọdún náà tó parí, Huawei ti ń gbé fóònù jáde tí kò ní áàpù Google kankan nínú, ó sì ti ní láti kéde ètò tirẹ̀ tí ó pè ní HarmonyOS. Bí irú ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ni ti àwa tí a kàn ń rà á lò? Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi gbogbo ohun tí a ní sínú fóònù kan ṣoṣo. Ìwé tí a kọ, àlọ́ tí a gbà sílẹ̀, oríkì tí a gbà lẹ́nu àgbà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn, kí ó sì wà lórí tákàdá pẹ̀lú.

Níbo ni mo wá dúró? Fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gírámà àti fún olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, Android ni mo fọwọ́ sí. Kí ó má jẹ́ èyí tí ó pọ́ọ́kú jùlọ lójú àtẹ, kí ó má sì jẹ́ èyí tí a ó jẹ gbèsè rà. Kí ó jẹ́ èyí tí kò tíì pẹ́ tí ó jáde, tí ìsọdọ̀tun rẹ̀ ṣì ń wọlé, tí ó gba síìmù méjì, tí àwọn tí ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò wa mọ̀ bí a ti ń tú u, tí ó sì kọ gbólóhùn ìdánwò wa láìsí àléébù. Ẹni tí owó rẹ̀ ká iPhone tuntun, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì béèrè fún un, kí ó rà á, kí ó sì gbádùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí akẹtẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí omijé ọmọ sún yín dé ibi tí ọwọ́ yín kò tó. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ó ń fi irú fóònù tí ẹ ń lò wọ̀n yín kò tíì mọ òṣùwọ̀n. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ wa. Bí àwa fúnra wa bá ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì láìsí àmì ohùn, ẹnu wo ni a ó fi bá ọmọ wí? Ẹ jẹ́ kí a ya ìdajì wákàtí kan sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí a kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń fi àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá sínú fóònù, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùkọ́ wa ti kọ́ wa bí a ti ń di bírò mú. Kí a gba iṣẹ́ tí wọ́n fi fóònù kọ, kí a sì fi máàkì fún àmì ohùn inú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ń wo ohun tí àwọn ènìyàn ń lò. Èdè tí ẹnikẹ́ni kò bá fi kọ nǹkan kan ni wọn yóò kọ́kọ́ gbàgbé. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Èkó bá ń kọ Yorùbá tí ó péye lójoojúmọ́, kò sí baálé fóònù tí yóò lè sọ pé òun kò gbọ́ èdè wa.